Májèlé Tí Ojú Kò Rí: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gẹ́, Àgbàdo àti Ẹ̀wà ní Àwọn Abúlé Àyíká Ìbàdàn

Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni pé, ọ̀nà wo ni ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí kò sì ní ohun èlò àyẹ̀wò kankan lọ́wọ́, lè gbà mọ̀ pé oúnjẹ tí òun ń gbìn, tí òun ń tà, tí òun sì ń fi bọ́ ọmọ kò ní májèlé nínú. Gbogbo ayé ni ìbéèrè náà kàn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe kan àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA wà láti ọdún 1967. Ilé ìwòsàn UCH ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1957. Àwọn òyìnbó amúnisìn sì ti ń ṣe ìwádìí irúgbìn ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn kan náà, kí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ kò jìnnà sí agbègbè yìí rárá. Ohun tí ó ṣòro ni kí ìmọ̀ náà dé inú àgbàdo tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ní ọjà.

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, èyí tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ohun tí a ń jẹ lè pa ènìyàn. Èrò tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé bí májèlé ṣe tètè ń ṣọṣẹ́ tó ni ó ń pinnu bóyá àwọn ènìyàn yóò fúnra wọn wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi yẹra fún un. Èyí tí ó ń dani dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìran dé ìran yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò. Èyí tí ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, kò sí àgbà tí ó lè rí i kí ó sì kìlọ̀ fún ọmọ. Fún irú májèlé kejì yìí, àyẹ̀wò nìkan ni ojú tí ó lè rí i, àyẹ̀wò náà kò sì ní fìdí múlẹ̀ ní abúlé àyàfi bí owó ọjà bá tẹ̀lé e.

Ẹ̀gẹ́ àti ọgbọ́n àtijọ́

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, ní èròjà kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Èròjà yìí fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀ bí ó bá wà ní àyè rẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tàbí tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi títí tí ó fi rọ̀, ó máa ń pàdé èròjà mìíràn tí ó ń tú u palẹ̀, ohun tí ó sì ń jáde láti inú ìtúpalẹ̀ náà ni sáyánáìdì, májèlé tí kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú. Sáyánáìdì tètè ń di afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fò lọ. Nítorí náà ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí àwọn obìnrin ní àwọn ibùdó gàrí ń gbé fi ní ìtumọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì: rírin ń mú kí èròjà méjèèjì pàdé, dídì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan ń fún wọn ní àkókò láti ṣiṣẹ́, fífi jáàkì tẹ̀ ẹ́ ń lé omi tí májèlé bá yọ́ sí jáde, dídín sì ń lé èyí tó kù lọ. Bákan náà ni rírẹ àti sísá ṣe ń ṣiṣẹ́ fún láfún.

Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn baba ńlá nípa linamarin, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìṣe é dáadáa yóò bì, orí yóò máa yí i, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tí ó fa ìpalára àti ìpalára náà fúnra rẹ̀ sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo abúlé fi lè so wọ́n pọ̀. Àjọ Codex, tí àjọ FAO àti àjọ WHO jọ dá sílẹ̀ láti máa fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún oúnjẹ, sọ pé sáyánáìdì tó wà nínú kílò gàrí kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ, gàrí tí wọ́n bá sì fi sùúrù ṣe lè bọ́ sí abẹ́ òṣùwọ̀n náà láìsí pé ẹni tí ó ṣe é gbọ́ orúkọ Codex rí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìpalára bá ti pẹ́ kó tó fara hàn, ọgbọ́n àtijọ́ kò tó mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa àrùn iṣan àti ọpọlọ ní UCH, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1968 nípa àrùn kan tí ó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ìrìn máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ojú máa ṣú kí etí sì máa di. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àrùn náà lọ́dọ̀ àwọn tí ó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ lójoojúmọ́, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀ṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fura sí sáyánáìdì kékeré tí ó ń wọ ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ tí ó tún padà lọ sí Ọ̀ṣósà lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún rí i pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì jiyàn pé sáyánáìdì nìkan kò lè jẹ́ okùnfà rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn kedere: níbi tí májèlé bá ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń tiraka kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ojú lásán ni ó ní.

Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí ojú bá rí àǹfààní, ọwọ́ àgbẹ̀ kì í pẹ́ gbà á. Nígbà tí àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ bá oko jẹ́, àwọn irúgbìn tuntun tí Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA ṣe jáde láti àwọn ọdún 1970 tàn kálẹ̀, nítorí pé ewé wọn dán, ìdí wọn sì ta. Wọ́n fi Hahn jẹ Ṣéríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí kòkòrò funfun kan tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ gbẹ káàkiri Áfíríkà, àwọn onímọ̀ IITA, tí Hans Herren ṣáájú wọn, mú agbọ́n kékeré kan tí ó ń pa kòkòrò náà wá láti ilẹ̀ Paraguay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní ọdún 1981. Àgbẹ̀ kò náwó kankan sí i, oko sì sàn lójú gbogbo ènìyàn. Èyí fi hàn pé àgbẹ̀ àyíká Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀tá ohun tuntun bí àwọn kan ṣe máa ń sọ.

Àgbàdo àti ẹ̀pà: ibi tí ojú ti kùnà

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí àrùn kan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n bá okùnfà ikú náà nínú ẹ̀pà lílọ̀ tí ó wá láti Brazil, tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ ẹran náà. Ebu kan, ìyẹn irú ohun tí ó máa ń hù lára oúnjẹ tí ó bá ti bu, ni ó ti hù nínú ẹ̀pà náà. Aspergillus flavus ni orúkọ ebu yìí, àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú ni ó sì máa ń ní. Aflatoxin ni wọ́n pe májèlé tí ó ń pọ̀ sínú ọkà. Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ti fi í sí ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ẹ̀dọ̀ sì ni ó máa ń dojú kọ jù lọ.

Ebu náà ń gbé inú ilẹ̀ oko. Ó máa ń ráyè wọ àgbàdo nígbà tí ọ̀dá bá mú un nígbà tí ó ń gbó, tàbí tí kòkòrò bá ti dá ojú sí i lára, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá kó àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa sínú àpò. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le fún agbègbè Ìbàdàn, nítorí pé àgbàdo àkọ́kọ́ nínú ọdún máa ń gbó ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí oòrùn kò sì tó nǹkan. Àgbẹ̀ ń sá a sí etí títì ọlọ́dà tàbí orí àpáta, òjò ń dé, wọ́n ń kó o wọlé ní ìdajì gbígbẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ sì ń bẹ nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó ń fa èyí. Ojú ọjọ́ àti àìní ni.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí aflatoxin ré kọjá agbára ojú. Èkíní ni pé àgbàdo tí ó mọ́ lójú lè ní i nínú, èyí tí ó sì bu lè má ní i, nítorí pé ebu àti májèlé rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Èkejì ni pé iná ìdáná kò lè pa á tán. Rírẹ, lílọ̀ àti sísẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ògì máa ń dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù ń bá ẹ̀kọ dé inú. Ẹ̀kẹta ni bí ìwọ̀n rẹ̀ ti kéré tó: òfin Amẹ́ríkà kò gba ju ìdá 20 nínú bílíọ̀nù kan nínú oúnjẹ ènìyàn, ìyẹn ni pé kí a pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí a sì mú 20 níbẹ̀ fún kílò àgbàdo kan. Òfin ìṣọ̀kan Yúróòpù tún le ju èyí lọ. Kò sí ẹnu tí ó lè tọ́ ọ wò, kò sí imú tí ó lè gbóòórùn rẹ̀.

Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, ó ń pani kíákíá. Ní Kenya, ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí àgbàdo olóró mú, 125 nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó máa ń gbà ṣọṣẹ́ jù ni ti díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé 480 ní ilẹ̀ Benin àti Togo, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, rí àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e ní Benin fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́jọ péré, àwọn ọmọ tí májèlé náà pọ̀ jù lára wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.7 rẹlẹ̀ ní gíga sí àwọn tí ó kéré jù lára wọn. Ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ibòmíràn lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ara gbè é lẹ́yìn, nítorí pé ebi, ìgbẹ́ gbuuru àti ìṣẹ́ náà ń dí ìdàgbà ọmọ lọ́wọ́. Ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló dájú jù. Ìwádìí kan ní Shanghai, ní ilẹ̀ China, fi hàn pé ẹni tí ó ní aflatoxin nìkan lára fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sún mọ́ jẹjẹrẹ náà ju ẹni tí kò ní lọ, ẹni tí ó ní mẹ́dọ̀wú B nìkan fi nǹkan bí ìlọ́po méje, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní méjèèjì fi nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́ta. Mẹ́dọ̀wú B ni àrùn tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà sí ẹ̀dọ̀, tí ó ń ti ara ẹ̀jẹ̀ àti omi ara kó ràn, tí ìyá sì lè kó ran ọmọ nígbà ìbímọ.

Mọ́níyà gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà àbáyọ ti wá. Àwọn onímọ̀ IITA, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé láàárín ebu Aspergillus flavus tí ó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ẹ̀yà kan wà tí kò lè pọ májèlé. Wọ́n yan mẹ́rin nínú wọn, wọ́n fi wọ́n ra ọkà bàbà tí iná ti pa kí ó má lè hù mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aflasafe. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n kílò 10 sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, àwọn ebu tí kò lóró yóò gba àyè lọ́wọ́ àwọn olóró, bí ẹni rere tí ó ti jókòó sórí àga kí ẹni ibi tó dé. Àjọ NAFDAC, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i ní ọdún 2014, ìwádìí inú oko sì ti fi hàn léraléra pé ó lè dín aflatoxin kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé, nígbà náà, tí gbogbo oko láti Mọ́níyà dé Lálúpọn àti Àkànrán kò fi kún fún un? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àgbẹ̀ ni yóò san owó Aflasafe, ṣùgbọ́n àgbàdo tí ó fi ṣe kò ní yàtọ̀ lójú, kò ní tóbi jù, iye kan náà sì ni kóńgò rẹ̀ yóò jẹ́ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Àǹfààní náà bọ́ sí ara ọmọ ẹni tí àgbẹ̀ kò mọ̀ rí, ní ogún ọdún sí ìgbà tí ó tà á. Ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AgResults gbìyànjú láti yí èyí padà ní Nàìjíríà: ó fún àwọn iléeṣẹ́ tí ó kó àgbẹ̀ jọ ní owó lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan àgbàdo tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n lo Aflasafe sí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì lò ó. Àwọn tí ń ṣe oúnjẹ adìẹ náà wà lára àwọn tí ó ń wá irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ máa ń rí ìpalára aflatoxin kíákíá nínú iye ẹyin àti nínú iye òròmọdìẹ tí ó kú. Ó bani nínú jẹ́ pé a lè rí ẹni tí yóò san owó nítorí adìẹ kí a tó rí ẹni tí yóò san án nítorí ọmọ tí ń mu ògì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin: níbi tí wọ́n bá ti ka ìpalára tí wọ́n sì so owó mọ́ ọn, àgbẹ̀ ń dáhùn.

Ẹ̀wà àti oògùn kòkòrò

Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tí àwọn ará abúlé àyíká Ìbàdàn ń jẹ, láti Òkè-Ọya ni ó ti ń wá sí Bódìjà. Èyí túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ Lálúpọn tí ó jẹ́ olùtajà nínú ọ̀rọ̀ àgbàdo di oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, ohun tí ẹlòmíràn kò sì rí lára àgbàdo tirẹ̀ ni òun náà kò rí lára ẹ̀wà onítọ̀hún. Ẹ̀wà kì í pẹ́ kí kòkòrò tó lu ú, nítorí náà àwọn kan ń fín oògùn tí orúkọ èròjà rẹ̀ ń jẹ́ dichlorvos sí i nínú àpò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá dichlorvos tí ó tó mílígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè jẹ́ 0.01. Wọ́n sì tún fi kún gbèdéke òfin náà léraléra. Ní ọdún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kéékèèké dichlorvos ní gbangba ọjà mọ́. Ó tún fòfin de oògùn koríko paraquat láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì ní kí atrazine, oògùn koríko mìíràn, náà dáwọ́ dúró láti ọdún 2025.

Kókó tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni pé àyẹ̀wò ní èbúté òkèèrè ni ó tú àṣírí ẹ̀wà náà, kì í ṣe àyẹ̀wò ní ọjà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń rà á. Ẹ̀wà tí kò yẹ fún ẹni tí ó wà ní Brussels kò sì lè yẹ fún ẹni tí ó wà ní Ẹrúnmu. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní oògùn nínú. Àpò PICS, tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Cameroon ṣe, jẹ́ ọ̀rá méjì tí wọ́n fi sínú àpò kan. Bí wọ́n bá dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tán, kòkòrò yóò sì kú fúnra rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà

Ohun tí ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ jù ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni irúgbìn tí àwọn onímọ̀ mú àbùdá, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀dá fi ń jọ ìyá àti baba rẹ̀, láti inú ẹ̀dá mìíràn fi sínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, àjọ NBMA tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí fọwọ́ sí ẹ̀wà tí iléeṣẹ́ ìwádìí IAR ní Zaria ṣe, tí wọ́n ń pè ní SAMPEA 20-T. Àbùdá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ kan ni wọ́n fi sí i, kí ìdin tí ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà má lè bà á jẹ́, kí ìgbà tí àgbẹ̀ yóò fín oògùn sì lè dín kù. Àgbàdo TELA, tí wọ́n yí àbùdá tirẹ̀ náà padà, tẹ̀lé e ní ọdún 2024, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ilé Aṣojú-ṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìwádìí lórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Èrò àjọ WHO ni pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí ó ti wà ní ọjà àgbáyé ti la àyẹ̀wò kọjá, kò sì dà bí ẹni pé ó léwu fún ìlera. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń béèrè ẹni tí yóò ní irúgbìn lọ́wọ́, ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò, àti ìdí tí kò fi sí àmì lára oúnjẹ tí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ mọ̀. Ìbéèrè tí ó ní láárí ni gbogbo wọn, ó sì tọ́ kí ìjọba dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ohun gbogbo yóò rí i pé ìbẹ̀rù kò bá ẹ̀rí dọ́gba: ohun tí kò tíì sí ẹ̀rí pé ó pa ẹnikẹ́ni ń dẹ́rù bani lórí rédíò, nígbà tí aflatoxin tí ó ti pa ènìyàn ní gbangba, tí ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò ní ariwo. Bí ará ìlú bá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àyẹ̀wò àti àmì fún ẹ̀wà tuntun, ó ní ẹ̀tọ́ kan náà fún àgbàdo àtijọ́.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹni, àti èyí tí kò sí

Àwọn ohun kan wà tí ìdílé lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àgbàdo tí wọn yóò fi pamọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú rẹ̀ yóò fi wà ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó dín. Ọ̀nà ìdánwò tí kò náni ní nǹkan kan ni pé kí a da iyọ̀ gbígbẹ àti ìwọ̀nba àgbàdo sínú ìgò tí ó gbẹ, kí a sì mì í dáadáa: bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ṣì tutù jù. Sísá a sórí tapólì dára ju ilẹ̀ lásán lọ. Ṣíṣa ọmọ àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bu, tí ó hunjọ tàbí tí kòkòrò ti lu ń dín májèlé kù púpọ̀, bí kò tilẹ̀ mú un kúrò tán, èyí tí wọ́n bá sì ṣà sọ́tọ̀ kò yẹ fún adìẹ, nítorí pé adìẹ náà yóò jìyà rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú kò gbọ́dọ̀ gbé ayé lórí ògì nìkan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, tí ó ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà láti ọdún 2004, tí ó sì yẹ kí ọmọ gbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí i, ń gba apá tí ó pọ̀ nínú agbára aflatoxin lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn fún ìdílé kò lè rọ́pò ojúṣe àwùjọ. Wọ́n ti ń ṣe ìwé àyẹ̀wò pẹlẹbẹ tí ó lè sọ iye aflatoxin inú àgbàdo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù fún àgbẹ̀ kan ṣùgbọ́n kò pọ̀ fún ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ọkà ní Bódìjà, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti NAFDAC bá jọ gbé ibi àyẹ̀wò kan kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ń ka èsì rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá, tí àgbàdo tí ó bá yege sì ń gba owó tí ó ju ti èyí tí kò yege lọ, àgbẹ̀ tí ó sá àgbàdo rẹ̀ gbẹ tàbí tí ó fọ́n Aflasafe yóò rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó tà á. Nígbà náà ni ìpalára ogún ọdún yóò di ohun tí a lè rí lónìí, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀gẹ́ kíkorò ṣe rí fún àwọn baba ńlá. Ìmọ̀ tí ó yẹ fún un ti wà ní Mọ́níyà. Àwọn tí ó ní ọjà àti àṣẹ lọ́wọ́ ni ó kù tí wọn yóò gbé e dé orí àtẹ.